Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ẹja máńdárìn: ibi tí iṣẹ́ dé báyìí

Ìró kan ni mò ń ṣe, àdìrẹ ẹlẹ́kọ gidi tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ, kì í ṣe kàm̀pálà alábẹ́là, ẹja kan ṣoṣo ló sì máa wà lórí ẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀. Ẹja máńdárìn. Ẹni tí ò bá tíì rí i rí kó wá a lórí fóònù ná kó tó máa kà lọ, torí ẹnu ò lè ròyìn ẹ̀ tán: ara búlúù, ilà aláwọ̀ ọsàn tó ń lọ́ kiri gbogbo ara, àwọ̀ ewé lójú àti lẹ́rẹ̀kẹ́, ìrù tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí búlúù sì tún wọ inú ẹ̀. Synchiropus splendidus lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé, onímọ̀ ẹja kan tó ń jẹ́ Herre ló kọ́kọ́ kọ nípa ẹ̀ ní 1927, ẹja láti Filipíìnì ló sì fi ṣe é. Kò sí nínú òkun tiwa níbí o. Apá ìwọ̀ oòrùn òkun Pàsífíìkì ló ń gbé, láti àwọn erékùṣù Ryukyu ní Japan wá sí Filipíìnì, Indonéṣíà, Palau, Papua New Guinea, títí dé Ọsirélíà.

Àwọn tó mọ̀ mí níbí mọ̀ pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe, aṣọ ni mò ń fi òpin ọ̀sẹ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹja yìí ti kọjá eré fún mi, ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ búlúù ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹranko tó bá jẹ́ búlúù lójú wa, kò sí aró kankan lára wọn, ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Àwọn nǹkan tín-ín-tìn-tín kan wà nínú awọ ẹja tàbí nínú ìyẹ́ ẹyẹ tí wọ́n tò létòlétò, ìmọ́lẹ̀ á kọlù wọ́n, búlúù inú ìmọ́lẹ̀ yẹn ló máa ta padà sí wa lójú, àwọ̀ yòókù á bá tiwọn lọ. Tó o bá mú ìyẹ́ búlúù kan tó o lọ̀ ọ́ kúná lórí ọlọ, búlúù yẹn á pòórá, ẹ̀tù dúdú dúdú kan báyìí lo máa rí. Ó wá kan àgbé. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, àgbé ló laró kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn kì í ráhùn osùn, bẹ́ẹ̀ kò tíì sí ẹyẹ kan láyé yìí tí wọ́n rí aró búlúù gidi nínú ìyẹ́ ẹ̀, àgbé náà ò yọ sílẹ̀. Àwọn kan nínú ìdílé àgbé ní pupa gidi o, àwọ̀ gidi tí kọ́pà wà nínú ẹ̀, ìyẹn ò sí níyàn. Búlúù ni wọ́n fi ń tàn wá látọjọ́ yìí.

Máńdárìn ò tan ẹnikẹ́ni. Ní 1995 àwọn onímọ̀ méjì ní Japan, Goda àti Fujii, gbé e jáde pé sẹ́ẹ̀lì kan wà lára ẹja yìí àti lára àbúrò ẹ̀ tó ń jẹ́ Synchiropus picturatus tó jẹ́ pé àwọ̀ búlúù gidi ló kún inú ẹ̀, cyanophore ni wọ́n ń pe sẹ́ẹ̀lì náà. Hóró hóró ni àwọ̀ yẹn wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ó lè kó jọ sójú kan, ó sì lè tàn ká, bí ara ẹja bá ṣe ní kó ṣe. Nínú gbogbo ẹran tó ní eegun ẹ̀yìn, àwọn tó ní irú nǹkan báyìí ò pọ̀ rárá, wọ́n ṣọ̀wọ́n gidi gan-an. Ìgbà tí mo ka ìyẹn ni mo sọ fún ara mi pé ẹja yìí gan-an ló laró, kò sì sí bí màá ṣe jẹ́ kí wọ́n fi máṣíìnì tẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀ sórí aṣọ bíi ti àwọn ayédèrú àdìrẹ tí wọ́n ń kó wọ̀lú láti Ṣáínà tó ti kún inú ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta fọ́fọ́ yẹn. Inú ìkòkò aró ló máa wọ̀.

Sátidé, lórí ìwé

Mo kọ́kọ́ yà á sórí ìwé ńlá. Ẹja yìí kéré o, sẹ̀ǹtímítà 6 sí 8 péré ni gígùn ẹ̀, ìka ọwọ́ yín lásán, nítorí náà gbogbo èyí tí mo bá fi sórí aṣọ ti di ńlá ju ara ẹ̀ lọ. Kò da mi láàmú. Ohun tó da mi láàmú ni ìpẹ́. Ẹ wo ẹja lórí àdìrẹ àtijọ́, ìpẹ́ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, ilà kéékèèké tó gba ara wọn kọjá, iṣẹ́ ọwọ́ tó rọrùn fún ẹni tó ti mọ́ lára. Máńdárìn ò ní ìpẹ́ rárá. Awọ lásán ni.

Ìyá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ yìí ń gbé lágbègbè Kémta, wọ́n ti ń kọ ẹ̀kọ sáṣọ látìgbà tí wọ́n wà lọ́mọge, ìwọ̀nba ìkòkò aró tó kù lágbo ilé wọn ọ̀kan jẹ́ tiwọn. Mo mú ìwé lọ fún wọn. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà.

"Ẹja rẹ ò ní ìpẹ́?"

"Kò ní mà. Bó ṣe wà nìyẹn."

"Bí àrọ̀."

"Bí àrọ̀ mà. Ó tiẹ̀ tún máa ń yọ̀ jù ú lọ."

"Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́?"

Mo ní rárá mà, ó korò, ó sì ń rùn. Òótọ́ ni, omi yíyọ̀ tó nípọn ló bo gbogbo awọ ẹ̀, omi yẹn ń rùn, ó korò lẹ́nu ẹja tó bá fẹ́ gbé e mì, ó sì tún ní ẹ̀gún létí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Àwọ̀ tó ń pariwo yẹn, ìkìlọ̀ ni fún ẹja ńlá pé má dé ibí. Ìdí nìyẹn tí ẹja tó tó báyìí tí ò lè sáré rárá fi ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láàárín iyùn inú òkun láì bìkítà, ó máa ń fi lẹbẹ abẹ́ ikùn ẹ̀ tẹlẹ̀ ni bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn.

Ìyá ní, "Wọn ò jẹ ẹ́, kí ni wọ́n wá ń fi ṣe?"

"Wọ́n ń wò ó ni mà. Àwọn òyìnbó ń sìn ín sínú gíláàsì omi nínú pálọ̀."

"Háà. Owó ti pọ̀ jù níbì kan."

Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ gíláàsì omi yẹn ò dùn mọ́ èmi náà nínú. Ẹran kéékèèké abẹ̀mí inú omi ni oúnjẹ ẹja yìí, copepod, amphipod, àwọn ekòló wẹ́wẹ́ àti ẹyin ẹja mìíràn, á máa ṣà á jẹ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ gbé e sínú gíláàsì tuntun tí gbogbo ẹ̀ mọ́ tónítóní tí ẹ wá ń da oúnjẹ gbígbẹ sí i lórí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní yà á wò, ebi á sì pa á díẹ̀díẹ̀ lójú ẹni tó fowó ńlá rà á. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa ti ń bí i nínú ilé báyìí, wọ́n sì ń kọ́ ọmọ ẹ̀ ní oúnjẹ mìíràn láti kékeré, ìyẹn sàn. Èmi ò ní ra ọ̀kan, kò sí iná tó lè gbé ẹ̀rọ omi òkun dúró lágbègbè wa níbí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ìyá ló dá ọ̀rọ̀ ìpẹ́ sílẹ̀, àwọn náà ló sì yanjú ẹ̀. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí kò ti ní ìpẹ́, kí n jẹ́ kí ilà ara ẹ̀ tóbi, kí n sì fi tótòtó kún àárín ẹ̀, torí àyè tó bá ṣófo jù lórí ẹlẹ́kọ máa ń dàbí ẹni pé ẹni tó kọ ọ́ ti sùn lọ. Tótòtó yẹn bá mi lára mu, torí ẹja náà ní i lóòótọ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti lábẹ́ ikùn. Férémù Olókun àtijọ́ ni mo gbé e lé, ìyẹn pípín aṣọ sí igun mẹ́rin mẹ́rin tí nǹkan ọ̀tọ̀ á wà nínú ìkọ̀ọ̀kan. Etí aṣọ yíká, iyùn fífọ́ ni mo yà síbẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ilé ẹ̀, kì í ṣe ibú, omi tí ò jìn, ibi tí iyùn ti kú tó sì fọ́ sílẹ̀ wómúwómú, kì í sábà kọjá mítà 18 sísàlẹ̀.

Igun àárín ni mo fẹ́ràn jù. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn bá ń wọ̀, àwọn obìnrin máa ń kó jọ síbì kan pàtó lórí iyùn, àwọn ọkùnrin á máa wá ṣe fáàrí fún wọn. Ọkùnrin ló tóbi jù, òun náà ló ní ọ̀pá gígùn kan níwájú lẹbẹ ẹ̀yìn ẹ̀ tó máa ń nà sókè. Obìnrin tó bá gbà, á fara ti ọkùnrin, á gbé ara lé lẹbẹ ikùn ẹ̀, àwọn méjèèjì á wá máa gòkè pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tó bíi mítà kan kúrò nílẹ̀, wọ́n á tú ẹyin àti àtọ̀ sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á já wálẹ̀ fìrì, ó parí. Ẹyin yẹn lè tó 200. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, ìgbì ló ń gbé e lọ, kì í sì í ju bí ọjọ́ kan lọ kó tó pa. Obìnrin kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan lóru ni, ọkùnrin tó bá tóbi lè yí ká ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kékeré á sì máa wòran. Mo ya àwọn méjèèjì sí ìdúró, orí sókè, ọ̀pá ọkùnrin yẹn sì jáde kọjá ilà igun ẹ̀ díẹ̀. Ìyá ní kí n má jẹ́ kó jáde. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ó dáa, aṣọ mi ni.

Obì

Àwọ̀ ọsàn ni wàhálà kejì. Aró ò lè fún èèyàn ní ọsàn, kò sì wù mí kí n kó kẹ́míkà aláràbarà wọ inú iṣẹ́ yìí. Obì ni wọ́n ń lò láyé àtijọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kí àdìrẹ pọ́n tàbí kó yọ bíi wúrà, nítorí náà obì ni mo gún, mo rẹ ẹ́, mo ri gbogbo aṣọ funfun náà sí i kí n tó kọ nǹkankan sórí ẹ̀. Mo fi àjákù aṣọ dán an wò ná. Ohun tó jáde kì í ṣe ọsàn o, ó súnmọ́ àwọ̀ oyin tó ti pẹ́ nínú ìgò, ó ṣe rẹ́súrẹ́sú, ó sì yàtọ̀ níbi tí aṣọ ti ká. Ẹja inú fótò tàn jù ú lọ. Mo jókòó tì í fúngbà díẹ̀, mo sì rí i pé mo fẹ́ràn ẹ̀ ju ọsàn lọ, torí lẹ́gbẹ̀ẹ́ aró tó dúdú, àwọ̀ tó bá tàn jù á dàbí aṣọ ìpolongo ìbò.

Ọ̀sẹ̀ ẹ̀kọ

Làfún ni, wọ́n á fi aṣọ sẹ́ ẹ kó má bàa ní kókó, álọ́ọ̀mù díẹ̀, kọ́pà sọ́fétì díẹ̀, wọ́n á rò ó lórí iná títí á fi dán. Ibi tó ki dé ló ṣòro. Tó bá ṣàn, ilà á fẹ̀, tó bá ki jù, ìyẹ́ ò ní lè fà á, á máa já sílẹ̀ ní gìdìgbà. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn iṣẹ́ ni mò ń ṣe é, mo ti rẹ̀, iná sì ti lọ, tọ́ọ̀ṣì orí fóònù ni mo fi ń wo ẹnu ìyẹ́. Ìyẹ́ apá adìyẹ ni mo lò, mo gé ẹnu ẹ̀ ní ìdágẹ̀rẹ́, tó o bá tì í bọ ẹ̀kọ tó o gbé e jáde ẹ̀kán kan á rọ̀ sí i lẹ́nu, ẹ̀kán yẹn ni wàá máa fà lọ, kí ọwọ́ má gbọ̀n, kó o má sì mí sórí aṣọ.

Ohun tó máa ń yí èèyàn lórí nínú ẹlẹ́kọ ni pé ohun tí ò níí gba aró lò ń kọ. Èmi ń kọ ọsàn, mo ń fi búlúù sílẹ̀. Gbogbo ilà tó lọ́ kiri ara ẹja yẹn ẹ̀kọ ni, ara ẹja fúnra ẹ̀ ibi tí mi ò fọwọ́ kàn ni. Ojú ẹja nìkan ló gbà mí lọ́wọ́ jù: pupa ló yí ojú ẹ̀ ká, dúdú wà láàárín, nítorí náà òrùka ẹ̀kọ tín-ín-rín ni mo fi yí i, mo fi àárín sílẹ̀ fún aró. Ojú kan tán, òmíràn. Iyùn etí aṣọ rọrùn, n kì í tiẹ̀ rò ó, ọwọ́ ń lọ ni mò ń gbọ́ rédíò.

Òjò ọ̀sẹ̀ yẹn ò jẹ́ kó tètè gbẹ. Mo tẹ́ ẹ sórí pátákó nínú pálọ̀, àwọn ará ilé ń fò ó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ṣé ibi tí àwọn máa jókòó ti di òkun ni.

Kémta, ìkòkò aró

Ìyá ò lo aró oníyẹ̀fun, èlú ni tiwọn, ewé tí wọ́n gún tí wọ́n ṣù tí wọ́n sá gbẹ, pẹ̀lú omi tí wọ́n fi sẹ́ eérú. Ó ti wà nínú ìkòkò fúngbà díẹ̀, ó ti kan, òórùn ẹ̀ á pàdé ẹ lójú ọ̀nà. Wọ́n ṣe tiwọn, wọ́n dárúkọ Ìyá Mọ́pó, òrìṣà àwọn aláró, kí wọ́n tó ṣí i, wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n rùn ún, wọ́n ní ó ti jí.

Mi ò tíì rí ohun tó dùn wò tó èyí. Aró kì í yòrò nínú omi lásán, ìdí tí wọ́n fi ń kan án mọ́ omi eérú nìyẹn, ohun tó wà nínú ìkòkò kò tíì jẹ́ búlúù rárá. A ri aṣọ, a fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́ kí ẹ̀kọ má bàa ṣí, a dúró, a fà á sókè, àwọ̀ ewé ni! Àwọ̀ ewé tó ń yí sí yẹ́lò létí. Afẹ́fẹ́ wá fẹ́ sí i, láti òkè ló ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó kọ́kọ́ jáde ló kọ́kọ́ dúdú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lójú mi, kí aṣọ tó tán nínú ìkòkò apá òkè ti di búlúù. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ewé àti búlúù àti oyin wà lórí aṣọ yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọ̀ máńdárìn gan-an ló wà níwájú mi, mo ń wá fóònù kiri, ọwọ́ mi ti kún fún aró. Ó lọ. A sá a, a tún ri ín, a tún sá a, títí ìyá fi ní ó tó, wọ́n ní ẹ̀kọ ti ń rọ̀, tá a bá tún ri ín a máa pàdánù ojú ẹja.

Ọjọ́ tí mo ha ẹ̀kọ kúrò

Ẹ̀kọ ò dà bí àbẹ́là, aró máa ń rí ọ̀nà wọlé díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Lórí aṣọ funfun, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ilà ẹlẹ́kọ jẹ́ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ dípò funfun gbòò. Lórí tèmi tó ti gba obì, ibi tí aró ti yọ́ wọlé di àwọ̀ ewé, tín-ín-rín báyìí, létí ilà kọ̀ọ̀kan, ọsàn láàárín, búlúù níta. Ẹ lọ wo fótò ẹja náà kẹ́ ẹ sún un súnmọ́ ojú, àwọ̀ ewé wà lára òun náà. Mi ò fi ọgbọ́n ṣe é, aṣọ ló ṣe é. Ẹ̀yìn aṣọ dúdú kirimú, kò sí ẹja níbẹ̀ rárá, torí ojú kan ṣoṣo la ń kọ ẹ̀kọ sí.

Tótòtó ẹ̀rẹ̀kẹ́ jáde dáadáa. Iyùn jáde. Nínú àwọn méjì tó ń gòkè, obìnrin mọ́ ju ọkùnrin lọ, ẹ̀kọ ti ṣí díẹ̀ lábẹ́ ikùn ọkùnrin, aró sì bo ilà méjì níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀ yọ kedere. Ìyá fi ìka tọ ọ̀pá yẹn, wọ́n ní èyí tí àwọn ní kí n má jẹ́ kó jáde nìyí, wọn ò wí nǹkankan mọ́, wọ́n yí aṣọ sí ẹ̀yìn, wọ́n ní ó rí bẹ́ẹ̀.

Apá kan ìró nìyẹn, ìdajì kejì ló kù kí n tó rán wọn pọ̀. Mo ti yí èrò mi padà, mi ò ní ya ohun kan náà síbẹ̀ mọ́. Synchiropus picturatus, àbúrò tó laró bíi tiẹ̀ yẹn, òun ni màá gbé sí ìdajì yẹn: kì í ṣe ilà ló wà lára tiẹ̀, òbìrìkìtì ńláńlá ni, òrùka nínú òrùka, iṣẹ́ ẹ̀ á yá ju ti ilà lọ, ìyẹ́ tó fẹ̀ ni màá fi ṣe é. Ewé pọ̀ lára ẹ̀ ju ọsàn lọ, nítorí náà obì fẹ́ẹ́rẹ́ ló máa gbà, mo sì ti sọ fún ìyá pé kí wọ́n má tíì ṣan ìkòkò. Wọ́n ní kí n tètè mú aṣọ wá o, èlú ò ní dúró de ẹja mi.